Abùrà Tó Ń Mu Omi Àlùwàlá

Èmi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn igi. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ògiri ilé kan ti fara ti ògiri ìkejì, tó jẹ́ pé bí aládùúgbò bá sín nínú yàrá rẹ̀, àwa la máa kí i. Ẹni tó bá gbọ́njú nírú ibẹ̀, ìlẹ̀kùn ló mọ̀, kì í mọ igi. Igi kan ṣoṣo ni mo mọ̀ dáadáa láyé mi, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé ó di ọ̀rọ̀ nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tán.

Abùrà ni wọ́n ń pè é. Ó dúró sí ẹ̀yìn àgbàlá wa, láàárín kànga àti balùwẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù lọ. Gbogbo omi ilé wa, ibẹ̀ ló ń ṣàn lọ: omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi ìfọbọ́, èyí tó rọ̀ láti ojú sánmọ̀ àti èyí tí àwọn ọmọdé dà nù. Nígbà òjò, àgbàlá á kún, a ó to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, a ó máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn lọ sí balùwẹ̀. Igi yẹn á dúró sáàárín omi náà, ewé rẹ̀ á máa dán. Ewé ọ̀hún fẹ̀ tó abọ́ ìjẹun. Àwọn gbòǹgbò rẹ̀ kan máa ń yọ jáde láti inú ẹrẹ̀, wọ́n á tẹ̀, wọ́n á tún wọlẹ̀ padà, bí orúnkún ẹni tó jókòó sílẹ̀ tó ká ẹsẹ̀ kò. Orúnkún náà la ń pè wọ́n. Kò sí ọmọ ilé wa tí kò tíì fẹsẹ̀ kọ orúnkún igi yẹn ṣubú rí.

Bàbá bàbá mi ló gbìn ín. Oníṣòwò obì ni. Ọkọ̀ ojú omi ló fi ń lọ ra obì lápá Ìjẹ̀bú etí omi, lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Ewé abùrà ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń di obì nígbà náà, torí pé obì tí a bá fi ewé yẹn dì kì í tètè gbẹ, kì í sì í tètè jẹrà. Nígbà tó rí i pé ewé ń tán kí obì tó tán, ó hú ọmọ igi náà kan, ó gbé e wá sí Èkó kí ìyàwó rẹ̀ lè máa já ewé nínú ilé. Bí igi ṣe dé ilé wa nìyẹn. Kò sí ìtàn ìwin kankan níbẹ̀.

Àmọ́ ilé ò lè ní igi kó má sọ ọ́ di nǹkan. Ìyá bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ri ìwọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí nílé wa mọ́ ìdí rẹ̀. Bí ìwọ́ ọmọ bá já, a kì í sọ ọ́ nù. Ilẹ̀ la ń rì í mọ́, ibi tí wọ́n bá sì rì í mọ́ ni ọmọ náà lè pè ní ilé títí ayé, ibi yòówù kó rìn dé. Ní ilé mìíràn, ìdí ọ̀pẹ ni. Tiwa, ìdí abùrà ni. Ìwọ́ bàbá mi wà níbẹ̀, tèmi náà wà níbẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí tèmi pè mí rí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ igi yẹn kàn jù lọ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Olóbì. Òun ló jogún òwò obì. Ó ta obì ní Èbúté Èrò títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Ọmọ méjì ló bí, obìnrin ni ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin ni àbúrò. Èyí obìnrin lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú òyìnbó, ó lọ́kọ síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ti pa á. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Kí ìròyìn tó dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ọkọ rẹ̀ ti sin ín. Àwòrán ni wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù: koríko tútù, òkúta kékeré kan, òjò wínníwínní. Ìyá Olóbì wò ó, ó ní kí wọ́n gbé e kúrò lójú òun.

Àwọn tó wá kí i kú ọ̀fọ̀ ń sọ ohun tí ènìyàn máa ń sọ. Ìyá àgbà kan láti òdìkejì ọ̀nà jókòó tì í, ó ní, "Ẹ gbà fún Ọlọ́hun. Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ."

Ìyá Olóbì gbé ojú sókè. "Tèmi kú," ó ní, "ó sì tún nù."

Obìnrin náà dìde, ó lọ.

Láti ìgbà náà ló ti di pé ìdí abùrà ni Ìyá Olóbì ti ń ṣe àlùwàlá. Ó mọ ibi tí wọ́n ri ìwọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́, láàárín orúnkún méjì kan tó kọjú sí kànga. Á gbé kẹ́tù rẹ̀ lọ, á jókòó lórí àpótí, á fọ ọwọ́, á yọ ẹnu, á bọ́jú, á fọ ẹsẹ̀. Omi á máa ṣàn lọ sáàárín orúnkún méjèèjì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé nítorí ọmọ òun ni. Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lójúlé wa tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan.

"Ìyá, ẹ má lọ sọ igi di òrìṣà fún wa o."

"Ààfáà, omi tó bọ́ lẹ́sẹ̀ mi ńkọ́? Ṣé kí n sọ fún un pé kó má ṣàn ni?"

Ààfáà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Àmọ́ gbogbo wa mọ̀, òun náà mọ̀. Sàréè tó wà ní ìlú òyìnbó kò jọ nǹkan kan lójú ìyá yẹn. Ìdí igi ni sàréè ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún un, ń gbé ní Ìkòyí. Ó ṣe ẹ̀gbọ́n fún mi, Bọ̀dá ni mo sì ń pè é. Agbaṣẹ́ṣe ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbẹ́ gọ́tà, kí ó rọ iyanrìn, kí ó da sìmẹ́ńtì, kí ibi tí omi ti ń dààmú ènìyàn di ibi tí a lè wọ bàtà funfun rìn. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá wo ìyá rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ náà ló sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun mú un lọ sí Ìkòyí. Ìyá á ní, "Ìkòyí tí mi ò ní gbọ́ ohùn kankan àfi ti jẹnẹrétọ̀?" Ọ̀rọ̀ á tún di Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà òjò kan, ẹsẹ̀ Ìyá Olóbì yẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù bó ṣe ń lọ sí ìdí igi. Egungun ò ṣẹ́, Ọlọ́hun ló yọ ọ́, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ wú, orí bẹ́ẹ̀dì ló sì wà títí òjò fi dáwọ́ dúró. Kì í ṣe ìrora ló ń ráhùn lé lórí. Ohun tó ń sọ lásọtúnsọ ni pé òun ò lè dé ìdí igi. Ọmọ rẹ̀ gbọ́, ó sì bínú sí omi bí ẹni pé ènìyàn ni. Ó ní òjò mìíràn kò ní bá ìyá òun nínú ẹrẹ̀.

Kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé ló kó àwọn bíríkìlà rẹ̀ wá. Wọ́n rọ iyanrìn sí ibi tó rẹlẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le, wọ́n da sìmẹ́ńtì láti ẹsẹ̀ ògiri dé ẹsẹ̀ ògiri. Wọ́n fa gọ́tà gba ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ jáde sí títì, kí omi má bàa rí àyè jókòó. Àwọn orúnkún igi tó yọrí sókè, wọ́n gé wọn, nítorí pé àgbàlagbà lè fẹsẹ̀ kọ wọ́n. Sìmẹ́ńtì sì bo ibi tí wọ́n ti gé wọn. Wọ́n fi òrùka ilẹ̀ tín-ín-rín kan sílẹ̀ yí igi náà ká, wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ìdí rẹ̀. Ó dára lójú. Àwọn ará ojúlé mìíràn ń wá wò ó.

Gbogbo wa yọ̀, mi ò sì gbọdọ̀ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àgbàlá tí a ti ń fò kiri lórí búlọ́ọ̀kù látìgbà ọmọdé di ibi tí ènìyàn ń tẹ́ ẹní sí. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ni mo máa ń rán. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi jáde kúrò nínú yàrá tó ń gbóná bí ilé ìdáná, mo jókòó sábẹ́ ibòji, mo ń gba atẹ́gùn. Ìyá Olóbì ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, kò di ẹnikẹ́ni mú. Láàárọ̀ á gbé àga sídìí igi, á fẹ̀yìn tì í, ibẹ̀ náà ló ṣì ti ń ṣe àlùwàlá, ibẹ̀ la ó gbé oúnjẹ lọ bá a. Nígbà mìíràn mo máa ń rí i tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa igi náà lára, tó bá rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Ó ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀ títí ọmọ fi ní, "Màmá, ó ti tó." Mi ò rò pé inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti túfọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin fún un.

Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. A ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ewé ò dẹ́kun jíjábọ́; a gbá a láàárọ̀, ilẹ̀ tún kún lọ́sàn-án. Òdòdó rẹ̀, tó máa ń yọ róbótó-róbótó, tí oyin fi máa ń ya bo àgbàlá wa, kò yọ rárá. Àwọn ẹ̀ka òkè gbẹ, ẹyẹ ń bà lé wọn, a sì ń rí gbogbo ẹyẹ náà kedere nítorí pé kò sí ewé tó máa bò wọ́n mọ́.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí nǹkan bá bàjẹ́, omi la kọ́kọ́ ń fura sí. A ò sì jẹ̀bi. Omi ló jẹ ìpìlẹ̀ ilé wa, omi ló ba fìríìjì jẹ́, omi ló ń kó ìdọ̀tí ojúlé mìíràn wá bá wa lálejò láìránṣẹ́ pè é. Inú ìjà omi la bí wa sí. Nítorí náà, nígbà tí abùrà ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó ronú jìnnà. Àwọn kan ní omi ti sá pamọ́ sábẹ́ sìmẹ́ńtì, pé òun ló ń jẹ gbòǹgbò. Àwọn mìíràn ní omi àlùwàlá ni, pé igi tí wọ́n ń fún lómi lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, kí ló máa ṣe tí kò ní jẹrà? Bọ̀dá, tó jẹ́ pé iṣẹ́ omi ló ń ṣe jẹun, wo ìdí igi yí po, ó fọwọ́ sí i.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká dá omi yẹn dúró ná," ó ní. "Kí ìdí ẹ̀ gbẹ díẹ̀. Ó máa help ẹ̀."

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Màmá."

Ìyá Olóbì gbé kẹ́tù rẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe àlùwàlá láti ọjọ́ yẹn, omi náà sì ń gba gọ́tà lọ sí títì. Omi yẹn nìkan ló kù tó lè fún ọmọ rẹ̀ tó kú, ó sì gbà láti fi dù ú kí igi lè yè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kí bíríkìlà dí òrùka ilẹ̀ tó kù náà pa. Kò sẹ́ni tó jiyàn nínú ilé. A ní ọgbọ́n ni.

Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, igi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò. Ìyá Olóbì ò bú ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ló ń dín kù lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó pe èmi àti ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Ẹ lọ síbi tí bàbá mi ti mú un wá," ó ní. "Ẹ bá mi mú ọmọ ẹ̀ wá. Béyìí bá kú, kí n rí nǹkan fi rọ́pò ẹ̀ síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo."

Ìdí tó fi ní kí n bá a lọ ni pé ọmọ rẹ̀ ò lè mọ ewé abùrà yàtọ̀ sí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

A gbé mọ́tò rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, a gba ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ bi àwọn olóbì nínú ọjà ibẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n ti ń já ewé abùrà. Wọ́n fi èyí tí wọ́n fi ń di obì báyìí hàn mí: nọ́lọ́ọ̀nù dúdú. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé obì máa ń làágùn nínú rẹ̀, ó sì máa ń bu, ṣùgbọ́n níbo lèèyàn ti máa rí ewé? Atukọ̀ tó gbé wa jẹ́ àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ibi àkọ́kọ́ tó gbé wa dé, iyanrìn ni. Iyanrìn funfun ló tẹ́ lọ títí ojú ò fi ríran mọ́, géètì ńlá kan dúró sáàárín rẹ̀, kò sí ilé, kò sí ọgbà, géètì nìkan.

"Ibí lẹ̀ ń wá," ni atukọ̀ wí. "Abùrà ló kún ibí. Àwọn onísọ́ọ̀mìlì tó ń la pákó gé èyí tó dára, wọ́n so ó pọ̀, wọ́n fi omi wọ́ ọ lọ sí Èkó. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ wá rọ iyanrìn bo ìyókù."

Bọ̀dá fi ojú iṣẹ́ wo iyanrìn náà. "Wọ́n ṣe é dáadáa," ó ní.

Atukọ̀ wà wá lọ sínú odò tóóró kan. Ògùrọ̀ wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ibẹ̀ sì tutù. Omi rẹ̀ pọ́n bíi tíì tí a kò bu mílíìkì sí. A pẹ́ kí atukọ̀ tó pa ẹ̀rọ, tó nàka. Mo mọ ewé náà lójú ẹsẹ̀. Abùrà ńlá kan ló dúró níbẹ̀, àwọn kékeré díẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì, n kò rí òmíràn. Inú omi ló dúró sí. Kì í ṣe etí omi, kì í ṣe ilẹ̀ tútù. Inú omi gan-an, kò sí ilẹ̀ kankan nítòsí tí adìyẹ lè dúró sí. Gbogbo àyíká rẹ̀ kún fún orúnkún tó yọ síta lórí omi, bí wọ́n ṣe máa ń rí nílé wa kí bíríkìlà tó dé.

Bọ̀dá wò ó títí. Ó wá bi atukọ̀ pé, "Tó bá dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Ṣé ó máa ń gbẹ?"

"Kí ló máa ń gbẹ?"

"Omi yìí."

"Omi ibí? Kò gbẹ rí lójú tèmi."

Bọ̀dá bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi. Ó mù ún dé itan. Ó rìn lọ bá igi náà, ó fi ọwọ́ kan orúnkún kan, ó kan òmíràn, ó ń wo bí gbogbo wọn ṣe yọrí jáde bákan náà. Èmi náà rí ohun tó ń wò. Kò sí ọ̀kan tó wọmi pátápátá.

"Imú ẹ̀ nìyí," ó ní. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. "Ibí ló fi ń mí. Imú ẹ̀ ni mo ní kí wọ́n gé."

Àánú rẹ̀ ṣe mí ju àánú igi lọ. A hú ọmọ igi méjì tòun ti ẹrẹ̀ ìdí wọn, a kó wọn sínú ike ọ̀dà, a bomi sí i, a sì padà. Títí a fi dé Èkó, kò tan rédíò mọ́tò.

Ìyá Olóbì ti ń retí wa lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Màmá, inú omi ló máa ń gbé. Èmi ni mo ṣe é. Mo gba omi lẹ́nu ẹ̀, mo tún dí imú ẹ̀."

"Ó ti kú ni?"

"Kò tíì kú tán. Mo lè fọ́ sìmẹ́ńtì yẹn, kí n kó gbogbo iyanrìn kúrò. Àmọ́ omi á padà wá. Ti balùwẹ̀, ti òjò, gbogbo ẹ̀." Ó wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. "Ẹsẹ̀ yín ò ní lè gbé e, Màmá. Ẹ ò ní lè dé ìdí ẹ̀ mọ́."

Ìyá Olóbì ń fi ọwọ́ ra orúnkún ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tètè ní òun lè ṣe afárá tóóró kan síbẹ̀, oní-sìmẹ́ńtì, tó ní irin tí wọ́n á máa dì mú.

"Sìmẹ́ńtì tún kẹ̀?" ni ìyá wí. Afárá kú síbẹ̀.

Bọ̀dá wá gbé ike ọ̀dà náà síwájú ìyá rẹ̀. Ó ní kó wo àwọn ọmọ igi yìí bí wọ́n ṣe tutù yọ̀yọ̀, pé a lè gbìn wọ́n síbi tó bá wù ú, ní Ìkòyí pàápàá, kí àgbàlá wà ní gbígbẹ báyìí kó lè máa rìn. Ìyá Olóbì fi ọwọ́ kan ewé kan. Ó ní ó dáa, ó ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí irú rẹ̀ má bàa run.

"Ṣùgbọ́n eléyìí ò mọ ọmọ mi," ó ní.

Lẹ́yìn náà ló ní kó fọ́ sìmẹ́ńtì.

Àwọn ará ilé kùn. Èmi náà kùn, mi ò ní tan ara mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi máa padà sínú ooru. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ síwájú Ìyá Olóbì. Àwọn bíríkìlà kan náà tó da sìmẹ́ńtì ló wá fi òòlù fọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi orúnkún méjì tó kọjú sí kànga, Bọ̀dá ní kí wọ́n sún sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wa iyanrìn kúrò díẹ̀díẹ̀, ìyá rẹ̀ ń wò ó láti orí àga.

"Ó tó. Má wà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ wà níbẹ̀."

Ó yọwọ́ kíákíá bí ẹni tí iná jó.

Òjò dé. Kò pẹ́ tí àgbàlá wa fi padà sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, búlọ́ọ̀kù, ẹrẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka méjì nínú igi náà ti gbẹ kọjá àtúnṣe, wọ́n gé wọn. Ẹ̀ka apá kànga la ń wò. A wò ó títí ó fi sú wa, ìgbà tí a ò wò ó mọ́ ló rúwé. Ewé náà ò pọ̀, wọn ò sì tíì fẹ̀ tó ti àtijọ́. Bóyá ó máa yè, bóyá kò ní yè, mi ò mọ̀. Àwọn ọmọ igi tí a kó wá wà nínú ike ọ̀dà lẹ́yìn fèrèsé mi, nínú omi, mo sì ń bu omi kún un. Èmi tí mi ò fẹ́ràn igi.

Ìyá Olóbì gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti lọ. A tẹ́ pákó fún un, ó di èjìká mi mú. Kò tíì dé àárín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí pákó sì ń fò lórí omi. Ó ní ká padà. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ó ń dé ìdí igi tó ń kú lọ. Ní báyìí tí igi rí omi, òun ò lè dé ibẹ̀. Kò ráhùn. Ó kàn ní ká sún bẹ́ẹ̀dì òun sí ẹ̀bá fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá.

Inú bàsíà ló ti ń ṣe àlùwàlá báyìí, lórí àga rẹ̀. A kì í da omi náà nù. Ní ọjọ́ mìíràn, èmi ló ń gbé e lọ sídìí igi. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọmọ rẹ̀ ni. Jímọ̀ tó kọjá, ó dé láti mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú jalabíà funfun rẹ̀. Ó ká a sókè dé ìbàdí, ó gbé bàsíà, ó wọ inú omi lọ láìtẹ búlọ́ọ̀kù. Mo dá ẹ̀rọ mi dúró, mo ń wò ó. Ó dé àárín kùkùté orúnkún méjèèjì, ó dúró.

"Ṣé o ti débẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ pè é láti ojú fèrèsé.

"Mo ti débẹ̀, Màmá."

"Rọra dà á o. Omi tútù kì í wù ú láti kékeré."

Bọ̀dá fi ọwọ́ kan omi inú bàsíà náà. Ó dúró díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, nínú oòrùn, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń dà á díẹ̀díẹ̀.